Bí Ẹ Ṣe Máa Yọ Lífítì Ọkọ̀ Àtijọ́ Tó Wà Nínú Ilẹ̀: Ọ́ìlì Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Yẹ̀ Wò

Ìbéèrè kan náà ni àwọn mẹkáníìkì àti àwọn onílé ń bi mí ní Ìkòròdú, láti Odógunyàn títí dé Èbúté: "Ẹ̀gbọ́n, lífítì irin kan wà nínú ilẹ̀ ibi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Kò gbé mọ́tò mọ́. Ṣé kí n kàn da kọnkéré bò ó?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dà á. Ọ́ìlì wà nínú irin yẹn. Ẹ ò tíì mọ irú ọ́ìlì tó jẹ́, ẹ ò sì mọ̀ bóyá ó ti ń jò sínú ilẹ̀ tí omi kànga yín ti ń wá. Èsì àyẹ̀wò ọ́ìlì ló máa sọ ẹni tí ẹ máa pè, ibi tí ẹ máa kó o sí àti iye tí ẹ máa ná. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé hámà kó tó gbé ìgò àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà láti ibi tó yẹ kó parí sí.

Èwo lẹ ní?

Lífítì tí mò ń sọ ni èyí tí òpó irin dídán rẹ̀ ń yọ jáde látinú ilẹ̀, ẹyọ kan tàbí méjì. Òpó yẹn ni pístọ̀nù. Sílíńdà tó gbà á sínú wà nísàlẹ̀, ó sì máa ń jìn ju mítà 2 lọ.

- Onífẹ́fẹ́: kọmpírẹ́sọ̀ ló ń ti afẹ́fẹ́ lu ọ́ìlì nínú táǹkì, ọ́ìlì wá ń gbé pístọ̀nù. Táǹkì náà lè wà nínú ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sílíńdà. Afẹ́fẹ́ lè há sínú irú èyí fún ọdún pípẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á tì.
- Onípọ́ǹpù: mọ́tò iná àti pọ́ǹpù ló ń ti ọ́ìlì. Táǹkì rẹ̀ sábà máa ń wà lókè ilẹ̀, nínú àpótí irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Ẹ wá páálí irin tí wọ́n kọ orúkọ àti ọdún sí. Bí ẹ bá rí i, ẹ yà á ní fọ́tò. Bí ọdún tó wà lára rẹ̀ bá ṣáájú 1980, ẹ fura sí ọ́ìlì rẹ̀ gidigidi. Bí kò bá sí ọdún kankan níbẹ̀, ẹ ṣe bí ẹni pé ó ṣáájú 1980.

Ṣé ó ń jò? Àyẹ̀wò ọjọ́ 7

Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó lo ibẹ̀ kẹ́yìn: ṣé ẹ máa ń rọ ọ́ìlì kún un? Lítà kan lọ́sẹ̀ kan dà bí nǹkan kékeré, àmọ́ lítà 52 ni lọ́dún. Bí wọn ò bá rí i kó ṣàn lójú ilẹ̀, inú ilẹ̀ ló ń lọ.

1. Ẹ sọ lífítì kalẹ̀ pátápátá, kí mọ́tò kankan má sí lórí rẹ̀. Ẹ pa kọmpírẹ́sọ̀, ẹ tú ọ̀pá afẹ́fẹ́ rẹ̀ kúrò, ẹ wá tú afẹ́fẹ́ inú táǹkì dànù láti fáàfù rẹ̀.
2. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń gbà rọ ọ́ìlì, díẹ̀díẹ̀, kí ojú yín má wà lókè rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ìró afẹ́fẹ́, ẹ dúró kó tán kí ẹ tó yí i síwájú sí i. Ẹ má ṣí ìdérí yìí láé nígbà tí lífítì bá wà lókè: ọ́ìlì máa tú jáde bí omi páìpù tó bẹ́.
3. Ẹ fi ọ̀pá gígùn tó mọ́ wọn ọ́ìlì náà. Ẹ fi páàsítì tí àwọn ilé epo fi ń mọ̀ bóyá omi wà nínú táǹkì ra ìsàlẹ̀ ọ̀pá náà. Bí páàsítì bá yí àwọ̀ padà, omi wà nísàlẹ̀ ọ́ìlì. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ọ̀pá, ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀.
4. Ẹ dé e padà. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ti ibi tí iná rẹ̀ ti ń wá, kí ẹnikẹ́ni má lò ó.
5. Lẹ́yìn ọjọ́ 7, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bó bá lọ sílẹ̀, ó ń jò. Bó bá gòkè ńkọ́? Ìyẹn burú ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Ní wọ́kúṣọ́ọ̀bù kan tí mo ti ṣiṣẹ́ nítòsí Èbúté, inú onílé dùn pé ọ́ìlì rẹ̀ "ń pọ̀ sí i" láàárín òjò oṣù kẹfà. Nígbà tí mo fa ọ̀pá jáde, apá òkè rẹ̀ ń dán fún ọ́ìlì, àmọ́ bí ìka mẹ́rin nísàlẹ̀ ni páàsítì ti yí àwọ̀ padà. Omi ilẹ̀ ló ń gba ihò ara sílíńdà wọlé, tó ń gbé ọ́ìlì sókè. Ihò tí omi bá gbà wọlé lásìkò òjò, ọ́ìlì máa gbà á jáde lọ́gbẹlẹ̀ nígbà tí omi ilẹ̀ bá fà.

Bí lífítì bá ṣì ń ṣiṣẹ́, tí ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣeé lò: ẹ gbé mọ́tò kan sókè, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára pístọ̀nù níbi tó ti yọ nílẹ̀, ẹ dúró jìnnà fún ìṣẹ́jú 10. Bí ìlà náà bá wọlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ rẹ̀ mọ́. Ó lè jẹ́ fáàfù, ó lè jẹ́ ọ́ìlì síìlì, ó sì lè jẹ́ sílíńdà fúnra rẹ̀. Irin tí ìpẹtà ti jẹ nínú ilẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, èmi ò gbà pé kí ẹ máa tún un ṣe. Ẹ yọ ọ́.

Gbígba ọ́ìlì fún láàbù

Ohun tí ẹ ń wá níbí ni PCB. Kẹ́míkà ni, wọ́n lò ó nínú ọ́ìlì tiránsífọ́mà àti ọ́ìlì háídírọ́líìkì kan (ọ́ìlì tí ẹ̀rọ fi ń gbé ẹrù) láyé àtijọ́ nítorí pé kì í tètè gbiná. Amẹ́ríkà fòfin dè é ní 1979. Ó ń fa jẹjẹrẹ, kì í tètè jẹrà nínú ilẹ̀, ó sì ń kó jọ sínú ọ̀rá ẹja àti ọ̀rá èèyàn. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé ti Stockholm ní 2001, ó sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2004. Àdéhùn náà ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ jáwọ́ lílo PCB nínú ẹ̀rọ ní 2025, kí wọ́n sì ti palẹ̀ èyí tó kù mọ́ bó ṣe yẹ ní 2028.

Ojú ò lè dá PCB mọ̀, imú náà ò lè gbóòórùn rẹ̀. Ọ́ìlì tó mọ́ lóló lè ní in, èyí tó dúdú bí èédú lè má ní in.

1. Ẹ gba ìgò dígí tó ní ìdérí tó le dáadáa lọ́wọ́ láàbù. Ẹ má lo ike omi mímu. Ọ́ìlì lè bá ike ṣe, èsì á sì dàrú.
2. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí ọ́ìlì kì í gbà kọjá. Ìbọ̀wọ́ aṣọ máa ń fa ọ́ìlì mu ni.
3. Ẹ gba ti òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀. Bí omi bá wà nísàlẹ̀, ẹ gba omi náà sínú ìgò tirẹ̀.
4. Ẹ kọ ọjọ́, ibi tí ẹ ti gbà á, bó ṣe jìn tó àti orúkọ ẹni tó gbà á sára ìgò kọ̀ọ̀kan, kíákíá, níbẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ máa rántí.
5. Ẹ sọ fún láàbù pé PCB lẹ fẹ́ mọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ ní mílígíráàmù nínú kìlógíráàmù kan.

Bí èsì bá jẹ́ 50 sókè, ẹ dáwọ́ dúró níbẹ̀. Ẹ má fa ọ́ìlì yẹn fúnra yín. Ẹ gbé èsì náà lọ sí LASEPA, ilé iṣẹ́ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń bójú tó àyíká, tàbí NESREA ti ìjọba àpapọ̀, kí wọ́n sọ ẹni tó ní àṣẹ láti kó o. Bí kò bá tó 50 àmọ́ tí PCB wà níbẹ̀, ẹ fi èsì han ẹni tó máa kó o kó tó gbé e, ẹ má sì da ọ́ìlì mìíràn mọ́ ọn kí nọ́ńbà lè wálẹ̀. Bí kò bá sí rárá, kọ̀ńdẹ́m ọ́ìlì ṣì ni: ẹni tó níwèé àṣẹ ni kó gbé e.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Àwọn káfíńtà wa máa ń fi kọ̀ńdẹ́m ọ́ìlì kun pákó òrùlé kí ikán má bàa jẹ ẹ́. Àwọn mìíràn máa ń fi dáná. Bí ọ́ìlì lífítì tí ẹ ò yẹ̀ wò bá bọ́ sọ́wọ́ wọn, orí yàrá tí ọmọ ọlọ́mọ ń sùn ni ẹ gbé PCB lọ. Bí wọ́n bá sì fi dáná tí kò gbóná tó, májèlé tó burú ju PCB fúnra rẹ̀ lè bá èéfín jáde. Ẹnikẹ́ni tó bá wá bá yín pẹ̀lú jálá pé kí ẹ ta díẹ̀ fún òun, ẹ má tà á.

Kí ẹ tó gbẹ́lẹ̀

Àsìkò: láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kẹta. Ní apá Ìjẹ̀dẹ́, Èbúté àti Ìgbógbó tó sún mọ́ ọ̀sà, omi lè ti bá yín nínú kòtò kí ẹ tó dé ìdí sílíńdà. Lókè, lọ́nà Odógunyàn, ilẹ̀ pupa máa ń dúró díẹ̀ ju yanrìn lọ, àmọ́ dídúró yẹn ló ń tan àwọn agbẹ́kànga jẹ.

Ẹni tó yẹ kó gbọ́: onílé, LASEPA, àti, bí kòtò bá sún mọ́ òpó tàbí ògiri ilé, LASBCA tó ń rí sí ilé kíkọ́ ní Èkó. Bó bá jẹ́ ilé epo ni, ẹ sọ fún NMDPRA, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilé epo, pẹ̀lú, nítorí táǹkì epo àti páìpù rẹ̀ lè wà nítòsí.

Ẹ yẹ ìwọ̀nyí wò:

- Wáyà iná, páìpù omi àti páìpù epo: ẹ mọ ibi tí wọ́n gbà
- Dúrọ́ọ̀mù irin tó ní ìdérí, tó pọ̀ ju ọ́ìlì tí ẹ retí lọ
- Lẹ́búlẹ́bú pákó láti sọ́míìlì, ó kéré tán àpò mẹ́ta, fún ọ́ìlì tó bá dà sílẹ̀
- Tapólì méjì tí kò lu: ọ̀kan fún ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀kan fún èyí tó rí ọ́ìlì
- Ṣéènì bulọ́ọ̀kù àti ẹsẹ̀ mẹ́ta irin tó lè gbé e, tàbí ọkọ̀ agbérù
- Àkàsọ̀, okùn, akoto, bàtà irin
- Pákó àti igi tí ẹ máa fi ti ògiri kòtò
- Ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ inú kòtò
- Nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó, 767 tàbí 112, lójú ògiri

Títú u, bó ṣe tẹ̀ lé ara wọn

1. Ẹ tún rí i pé afẹ́fẹ́ ti tán pátápátá, iná ti kú, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò ẹnì kan ṣoṣo.
2. Ẹ fi pọ́ǹpù fa ọ́ìlì sínú dúrọ́ọ̀mù, ẹ fa omi ìsàlẹ̀ náà sínú dúrọ́ọ̀mù tirẹ̀. Ẹ kọ ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan sára rẹ̀. Kí kán kan má wọ gọ́tà.
3. Ẹ tú apá tó ń gba abẹ́ mọ́tò kúrò lórí pístọ̀nù. Ó wúwo, èèyàn méjì ò tó.
4. Ẹ tú bóòtù àti ọ́ìlì síìlì ojú sílíńdà, kí ẹ wá fi ṣéènì bulọ́ọ̀kù fa pístọ̀nù sókè, gbọọrọ, láìkánjú.
5. Ẹ fọ́ kọnkéré yíká. Ẹ gé e kó fẹ̀ tó láti ti ògiri kòtò.
6. Ẹ gbẹ́ ẹ, ẹ ti ògiri rẹ̀ bí ẹ ṣe ń lọ sísàlẹ̀.
7. Ẹ tú àwọn páìpù, ẹ fi ìdérí dí ẹnu wọn kí ìyókù ọ́ìlì má bàa dà sínú kòtò.
8. Ẹ so sílíńdà, kí gbogbo èèyàn jáde kúrò nínú kòtò, kí ẹ tó gbé e. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tapólì, ẹ yà á ní fọ́tò yíká, pàápàá ibi tí ìpẹtà ti jẹ ẹ́.

Lórí nọ́ńbà 4: àwọn kan máa ń fi kọmpírẹ́sọ̀ fẹ́ pístọ̀nù jáde nítorí ó yára. Ẹ ṣírò ọ́ pẹ̀lú mi. Pístọ̀nù tó fẹ̀ tó ínṣì 10, tí afẹ́fẹ́ psi 100 wà lábẹ́ rẹ̀, agbára tó ń tì í sókè ju tọ́ọ̀nù 3 lọ. Bó bá ti há, tó wá já lójijì, òrùlé ló máa dá a dúró, tàbí ẹni tó bá dúró níbẹ̀.

Ohun mìíràn tó ń pa èèyàn: iná wẹ́dà lára táǹkì tàbí sílíńdà tí wọn ò tíì fọ̀. Kékeré ọ́ìlì tó ṣẹ́ kù máa di gáàsì nígbà tí iná bá bà á, irin tó dé pa á sì máa bẹ́. Ẹ tú u pẹ̀lú sípánà. Bí bóòtù bá há, ẹ rọ ohun tó ń tú ìpẹtà sí i, ẹ jẹ́ kó sun ibẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Inú kòtò

Mo dúró níbí díẹ̀, nítorí ibí ló ń pani jù.

Ilẹ̀ tó kún mítà kúbíkì kan ṣoṣo wúwo tó tọ́ọ̀nù kan àtààbọ̀. Èèyàn tí ó bá bò dé àyà ò ní lè mí, kódà bí orí rẹ̀ bá wà níta. Kòtò tó bá ti jìn ju mítà 1.5 lọ, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́ láìfi pákó ti ògiri rẹ̀ tàbí kí ẹ dá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ gbé ilẹ̀ tí ẹ gbẹ́ jìnnà sí ẹnu kòtò, ó kéré tán 60 sẹ̀ǹtímítà. Àkàsọ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí èèyàn bá wà nínú rẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ àti pọ́ǹpù tó ń lo pẹtiróòlù: ẹ má gbé wọn sínú kòtò tàbí sẹ́nu rẹ̀. Èéfín wọn ní gáàsì tí kò ní òórùn, tó ń pa èèyàn bí ẹni tó sùn. Báyìí ni àwọn agbẹ́kànga ṣe máa ń kú, tí ẹni tó bá wọlé lọ gbà wọ́n náà á sì kú tẹ̀ lé wọn. Ẹ wọn afẹ́fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Bí ọ́síjìn kò bá tó 19.5 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọlé. Ẹ so okùn mọ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀, kí ẹnì kan sì dúró lókè tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa wò ó lọ. Bí ẹni náà bá dákẹ́, okùn ni kí ẹ fi fà á. Ẹ má wọlé tọ̀ ọ́.

Àyẹ̀wò ilẹ̀

Ìyẹn tí ẹ lè ṣe lójú ẹsẹ̀: ẹ bu ilẹ̀ ìdí kòtò díẹ̀ sínú ìgò dígí tó mọ́, ẹ da omi sí i, ẹ mì ín, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí àwọ̀ òṣùmàrè lójú omi, ọ́ìlì ti wọ ilẹ̀. Bí ẹ ò bá rí nǹkan kan, ìyẹn ò tíì dá ilẹ̀ náà láre. Láàbù ló máa sọ.

Fún láàbù, ẹ gba ilẹ̀ lábẹ́ ibi tí ìdí sílíńdà jókòó sí, àti lára ògiri kòtò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, níbi tí ilẹ̀ bá ti dúdú tàbí tó ń rùn jù. Bí ẹ ò bá lè wọlé láìséwu, ẹ fi ọkọ́ ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ jáde, ẹ bu àárín rẹ̀. Ẹ kún ìgò dé ẹnu, ẹ dé e pa, ẹ gbé e sínú kúlà tó ní yìnyín. Ẹ ní kí wọ́n wo gbogbo ọ́ìlì inú rẹ̀ àti PCB. Bí omi bá wà nínú kòtò, ẹ gba ìyẹn náà, ẹ má sì fà á dà sí gọ́tà kí èsì tó dé.

Ilẹ̀ tó rí ọ́ìlì, ẹ tọ́jú rẹ̀ sórí tapólì, ẹ bò ó nítorí òjò. Ẹ má jẹ́ kí onítípà gbé e lọ fi dí ilẹ̀ oníbàárà mìíràn.

Bí kò bá ṣeé yọ

Nígbà mìíràn, ìpìlẹ̀ ilé wà lórí rẹ̀, tàbí gbígbẹ́ rẹ̀ lè wó ògiri. Ẹ lè fi í sílẹ̀ bí ọ́ìlì kò bá ní PCB, bí ilẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ lu wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá mọ́, bí LASEPA bá sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ fa ọ́ìlì rẹ̀ tán, ẹ fọ inú rẹ̀, ẹ kó omi tí ẹ fi fọ̀ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù, kí ẹ wá rọ sìmẹ́ńtì àti yanrìn tó ṣàn sínú rẹ̀ títí dé ẹnu. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti "ṣé kí n kàn da kọnkéré bò ó" ni àyẹ̀wò àti ìwé.

Dídí kòtò àti lífítì tuntun

Ẹ fi ilẹ̀ pupa tó mọ́ dí i, sẹ̀ǹtímítà 20 lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa fi kọmpákítọ̀ gún ìpele kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá dà á lẹ́ẹ̀kan náà á rí i pé ilẹ̀ náà rì lẹ́yìn òjò ọdún kan.

Bí ẹ bá fẹ́ ra lífítì olópó méjì, ẹ má ri bóòtù rẹ̀ sórí ojú kòtò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dí, tàbí sórí ibi tí kọnkéré tuntun ti pàdé ti àtijọ́. Ẹ ka ìwé rẹ̀ fún ìnípọn kọnkéré tó fẹ́. Olópó mẹ́rin rọ̀ díẹ̀ lórí ilẹ̀. Ihò ìwọlé abẹ́ mọ́tò tí àwọn kan ń gbẹ́ dípò lífítì ṣì ní ewu tirẹ̀, nítorí gáàsì pẹtiróòlù máa ń wọ́ sínú rẹ̀.

Sílíńdà àti pístọ̀nù: àwọn tó ń ra irin àlòkù máa tètè dé. Bí PCB bá wà níbẹ̀, ìdọ̀tí eléwu ni irin náà, ẹ ò lè tà á. Bí kò bá sí, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbẹ ọ́ìlì inú rẹ̀ tán kó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ẹ kó èsì láàbù, fọ́tò, àti ìwé ẹni tó kó ọ́ìlì sínú fáìlì kan, ẹ fún onílé ní ẹ̀dà. Lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, ẹ lọ sí kànga tó sún mọ́ yín jù ní àfẹ̀mọ́júmọ́, kí ẹnikẹ́ni tó ju dọ́rọ̀ sínú rẹ̀. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú omi. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí ẹ bá rí òṣùmàrè níbẹ̀, ẹ sọ fún onílé kànga náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, ẹ gba omi rẹ̀ sínú ìgò dígí, kí ẹ sì pe LASEPA.